Àwọn Ọmọ Ìjàpá Inú Kòtò Ẹja Wa

Ọmọ ìjàpá omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kéré débi pé inú ṣíbí ìjẹun gbà á. Kò sí ohun tó wà nínú omi tí kò lè gbé e mì: ẹja àrọ̀, alégbà, ejò, ẹyẹ elẹ́sẹ̀ gígùn gbogbo, títí dé ọ̀pọ̀lọ́ ńlá. Mo mọ èyí dáadáa torí pé ẹja àrọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń sìn lẹ́yìnkùlé wa ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Kòtò tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ lásán ni, a kò fi símẹ́ńtì sí i, kò sì jìnnà sí àbàtà. Láti ìgbà tí omi ti dúró nínú rẹ̀ ni àwọn ìjàpá omi ti ń wọ́ wá láti inú àbàtà náà, tí wọ́n ń yáàrùn lórí igi kan tó wó sétí omi. A kò lé wọn, a kò sì fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìgbà tí a fẹ́ kó ẹja tà ni a rí àwọn ọmọ wọn. A ti fi ẹ̀rọ fa omi títí ó fi ku ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń fi àwọ̀n kó àrọ̀ sínú ike. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ìyá Dámilọ́lá, ẹ wá wo nǹkan o!" Ọmọ ìjàpá kan ló ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, àwọ̀ ìkarahun rẹ̀ àti ti ẹrẹ̀ náà kò yàtọ̀ síra, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń tàn. A wá etí kòtò náà fínnífínní, méje ni a rí. Lékeléke ti tò lọ bẹẹrẹbẹ lókè, wọ́n ń retí kí a kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n ṣe mí láàánú nìkan ni mo ṣe kó wọn. Lẹ́yìn ìkórè, a máa ń jẹ́ kí oòrùn pa ìsàlẹ̀ kòtò náà títí yóò fi sán, a ó wá da láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹfun, sí i kí kòkòrò àti àwọn ẹja tí a kò fẹ́ lè kú tán kí omi tuntun tó wọ̀ ọ́. Ọmọ ìjàpá kankan kò lè la ìyẹn já. Bàbá kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dẹ ìgèrè lójú ọ̀sà, òun ló máa ń bá wa tún àwọ̀n ṣe. Ó wò mí bí mo ṣe ń to àwọn ọmọ náà sínú abọ́.

"Ìyá Dámilọ́lá, kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe?"

"Bàbá, mo fẹ́ tọ́ wọn díẹ̀ ni, sà. Tí wọ́n bá ti lágbára, mo máa dá wọn padà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín o. Ẹran ìgbẹ́ tó bá ti mọ èèyàn, ọwọ́ èèyàn náà ló máa kú sí."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo fi ṣe òdiwọ̀n gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí n sì yára sọ ọ́ kó tó di pé mo gbàgbé: ọmọ ìjàpá tó bá wà nínú omi tirẹ̀, tí omi náà kò gbẹ, tí ara rẹ̀ dá ṣáká, kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wálé nítorí pé ó wuyì lójú, olè ló jà. Ewu tó hàn gbangba nìkan ló lè sọ ọ́ di iṣẹ́ wa.

Irú tó wà lọ́dọ̀ wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelusios castaneus. Ọdún 1812 ni ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Schweigger kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, ó sì wà káàkiri láti Senegal títí dé Angola. Kì í ṣe ìjàpá orí ilẹ̀, ọkọ Yánníbo, tí a fi ń pa àlọ́ fún ọmọdé. Bó ṣe ń sá pamọ́ lẹ fi máa dá a mọ̀. Ìjàpá ilẹ̀ máa ń fa orí wọnú tààrà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni èyí ń ṣẹ́ ọrùn sí, á wá tẹ́ ẹ sábẹ́ etí ìkarahun, bí ọmọ tó fi ìgbúnwọ́ bojú nígbà tí wọ́n ń bá a wí. Irùngbọ̀n kéékèèké méjì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, èékánná márùn-ún sì ni ó ní lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti dàgbà, apá iwájú ìkarahun abẹ́ ikùn rẹ̀ máa ń ṣẹ́ sókè, á pa ẹnu ọ̀nà dé, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí orí rẹ̀ mú. Ọmọ kékeré kò tíì lè ṣe èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí i pa.

Ìtàn kan wà nípa ẹ̀yà yìí tí mo fẹ́ràn. Wọ́n kó àwọn ìjàpá omi kan lọ sí ilé tí wọ́n ń kó òkú ẹran pamọ́ sí fún ìwádìí ní Yúróòpù, wọ́n ní Seychelles, láàárín òkun Íńdíà, ni wọ́n ti mú wọn ní 1895. Wọ́n fún wọn lórúkọ tiwọn. Nígbà tí wọ́n wá irú wọn tì ní erékùṣù náà, wọ́n ní ẹ̀yà náà ti parun láyé. Ní 2013 ni àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá ara wọn wò, wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀yà kankan tó parun. Ìjàpá tiwa, ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n. Àwọn èèyàn ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹran kan tó jẹ́ pé inú àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, tí a ń rí i tí a kì í kà á sí.

Ọ̀kan nínú àwọn méje náà kú kíákíá. Ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì máa ń ní díẹ̀ lára pupa ẹyin nínú ikùn, òun ni oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìdodo rẹ̀ yóò sì pa dé bí ó bá ti tán. Ìdodo ti ọ̀kan yẹn kò tíì pa dé nígbà tí a rí i, ẹrẹ̀ ti wọ̀ ọ́, ó ti wú. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n yẹ ìdodo àwọn tó kù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé àwọn tí tiwọn kò tíì gbẹ dáadáa sórí aṣọ tútù tó mọ́, kì í ṣe inú omi, títí wọ́n fi pa dé.

Ike ńlá tí a fi ń fọ aṣọ ni mo fi ṣe ilé fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí pé inú omi ni wọ́n ń gbé, omi púpọ̀ ló yẹ wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí bíi tiwa, kò sì tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Bí kò bá rí ibi tẹ ẹsẹ̀ lé, á rẹ̀ ẹ́, á sì rì. Omi tó bá fi díẹ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀ ti tó, kí ó kàn lè nàgà, kí ó yọ imú síta. Mo to òkúta pẹlẹbẹ sí apá kan kí wọ́n lè gòkè gbẹ ara, mo da ẹrẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo sì já ojúoró wá láti inú àbàtà, mo fi bo ìdajì omi náà. Ojúoró yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ ìjàpá tí kò bá rí ibi sá pamọ́ sí kì í jẹun. Ẹ̀rù ni yóò máa jẹ.

Bí mo ṣe rí i tí ọ̀kan kọ́kọ́ jẹun nìyí. Mo gé ekòló wẹ́wẹ́ sínú omi, mo sì sún sẹ́yìn. Ó yọ orí lábẹ́ ewé, ó na ọrùn. Ọrùn náà gùn ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ó wá dúró gbagidi, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ekòló náà. Lójijì ó la ẹnu gbàù, omi àti ekòló jọ rọ́ wọlé, ó sì fi èékánná ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbo ẹnu, ó ń fa èyí tó yọ síta ya. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tó fi tún fẹ́ òmíràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo dúró níbẹ̀ tí ọbẹ̀ mi fi jóná díẹ̀ nínú ilé, kò sì ká mi lára.

Ekòló, tanwíjí, ìrẹ̀, edé, ìṣáwùrú tí mo fi òkúta fọ́, àti ẹja wẹ́wẹ́ tòun ti egungun ni mo ń fún wọn. Ẹran ara ẹja tútù nìkan kò dára kó jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn: kò ní kálísíọ́mù tó, àwọn ẹja kan sì wà tí ohun kan nínú ara wọn ń ba fítámì B1 jẹ́ mọ́ ọmọ ìjàpá lára. Mo máa ń fún wọn ní ẹ̀dọ̀ adìyẹ bíńtín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí fítámì A bá dín lára wọn, ojú wọn á wú, á pa dé. Ìjàpá tí kò bá sì ríran kò ní jẹun. Búrẹ́dì, ẹ̀bà àti ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ wọn rárá. Oúnjẹ ẹja tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kò burú bí ó bá jẹ́ díẹ̀ lára oúnjẹ wọn, kó má jẹ́ òun nìkan.

Ọ̀kan wà tí ìkarahun rẹ̀ rọ̀. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn díẹ̀, ó ń tẹ̀. Mo lọ èèpo ẹyin adìyẹ kúnná, mo ń fi ekòló yí i kí ó tó jẹ ẹ́, mo sì jẹ́ kí ó máa pẹ́ nínú oòrùn àárọ̀. Oògùn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ó ti wù kí kálísíọ́mù pọ̀ tó nínú oúnjẹ, ara ìjàpá kò ní lè lò ó bí kò bá sí fítámì D, oòrùn ló sì ń ṣe é sí i lára. Àwọn tó ń sìn ín nílẹ̀ òtútù ń fi owó ńlá ra iná kan tó ń ṣe iṣẹ́ oòrùn. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún wa ní tiwa. Ṣùgbọ́n oòrùn tó gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá kò ṣe iṣẹ́ yìí. Gíláàsì ń dá apá tí ara wọn ń lò dúró. Ìta gbangba ni kí ike náà wà. Kí apá kan rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìbòòji, torí omi tó kéré nínú ike máa ń gbóná kánkán tí oòrùn bá kàn ọ́n, ó sì lè pa wọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbé tiwa sí. Ó pẹ́ kí ìkarahun ọmọ yẹn tó le, àmọ́ ó le.

Orí tábìlì àtijọ́ kan ni ike náà wà, wáyà ni mo fi bò ó nítorí ológbò, eku àti àwòdì. Ìjàlọ ni mo bẹ̀rù jù. Mo ki ẹsẹ̀ tábìlì náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo mílíìkì tó kún fún omi, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ láyé àtijọ́. Eèrà kankan kò gun un.

Omi kànga ni mo ń lò, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, torí ibi tí wọ́n ti ń jẹun náà ni wọ́n ti ń yàgbẹ́. Ẹni tó jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi oògùn sí ló ní, kí ó jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì nínú abọ́ tí kò ní ìdérí. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń da omi ìdọ̀tí sí. N kò jẹ́ kí ó dé ibi tí a ti ń fọ abọ́, n kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan ìjàpá kí ó má fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ìjàpá tí ara rẹ̀ le koko lè gbé kòkòrò Salmonella. Ẹbí kan náà ni ó àti kòkòrò tó ń fa ibà tàìfọ́ọ̀dù, ó sì máa ń fi inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ṣe àwọn ọmọdé. Torí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fòfin dè é láti 1975 pé kí ẹnikẹ́ni má ta ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ kò tó ínṣì mẹ́rin fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ẹran ọ̀sìn, torí àwọn ọmọdé ń kó o sẹ́nu.

Ti pé kí wọ́n má mọ̀ mí ló le jù. Dámilọ́lá àti àbúrò rẹ̀ fẹ́ fún wọn lórúkọ, mo kọ̀. Wọ́n sunkún. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé ẹni tí a bá sọ lórúkọ, ilé wa ni yóò fẹ́ jókòó sí, àwọn wọ̀nyí sì nílé tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí òjìji èèyàn bá ti já lu omi, gbogbo wọn á wọ abẹ́ ojúoró lọ gbìrìgbìrì. Bí oṣù ṣe ń lọ, èyí tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wá pàdé mi, ó ń na ọrùn sókè. Ẹlòmíì á ní ó dára. Ó bà mí lẹ́rù, torí ìjàpá tó bá wẹ̀ pàdé èèyàn nínú àbàtà, ìkòkò ọbẹ̀ ló wẹ̀ pàdé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé pákó sí ẹ̀gbẹ́ ike, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń ju oúnjẹ sí i kí wọ́n má baà rí mi, mo sì ń yí àsìkò oúnjẹ padà. Nígbà tó yá, ó tún padà sí ẹni tó ń sá.

Ní ìgbà ọyẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́. Ara wọn tutù bí omi bá ti tutù, oúnjẹ kì í sì í dà nínú wọn bó ṣe yẹ, nítorí náà n kò fi dandan mú wọn. Lálẹ́, mo ń gbé ike wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí àwọn kan tó rì sínú ẹrẹ̀ díẹ̀ tí mo dà sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀yìn nìkan síta. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wọn ń ṣe nínú ẹrẹ̀ àbàtà bí omi bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí òjò yóò fi dé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, tí òjò ti rọ̀ dáadáa tí àbàtà sì kún, mo gbé wọn lọ. N kò dá wọn sínú kòtò àrọ̀ wa. Àbàtà tí ìyá wọn ti wá ni mo gbé wọn lọ, lẹ́bàá kòríko gíga, níbi tí omi kò ti jìn. Kì í ṣe gbogbo omi ni ilé ìjàpá. Ìjàpá elétí pupa ti Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn ń rà fún ọmọ, tí wọ́n sì ń dà sínú odò tó bá sún mọ́ wọn nígbà tó bá tóbi, ti di àjèjì tó ń da omi rú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, débi pé ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de kíkó o wọlé ní 1997. Ibi tí a ti gbé e ni kí a dá a padà sí.

Iṣẹ́ báyìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní àwọn erékùṣù Galápagos, lójú òkun Pàsífíìkì, ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin ìjàpá ilẹ̀ ńláńlá erékùṣù Pinzón, torí eku ń jẹ gbogbo ọmọ wọn tán nígbà náà, kí wọ́n tó pa eku ibẹ̀ run ní 2012. Wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi tóbi ju ohun tí eku lè pa lọ, kí wọ́n tó dá wọn padà. Ọ̀nà yẹn náà ni mo tọ̀ nínú ike aṣọ fífọ̀ mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo kà síwájú, mo rí ohun tó yí èrò mi padà. Ní 1987, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣírò ti ìjàpá òkun kan, wọ́n sì rí i pé bí a tilẹ̀ dáàbò bo gbogbo ẹyin lórí iyanrìn, iye wọn yóò ṣì máa dín kù bí àwọn tó ti dàgbà tó fẹ́ẹ́ tó yé bá ṣì ń kú nínú àwọ̀n. Ọmọ púpọ̀ ló ń kú nínú ìran ìjàpá, bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá tó ti la gbogbo rẹ̀ já, tó lè máa yé lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́, òun ni a kò gbọ́dọ̀ sọ nù.

Ìyá wọn gan-an sì ni àwọn èèyàn wa ń pa. Ọkùnrin kan tó ń ta èròjà àgbo lọ́jà wá bá wa, ó ti gbọ́ pé ìjàpá wà lọ́dọ̀ wa. Ó ní àwọn ńlá ni òun fẹ́, àwọn ọmọ kò wúlò fún òun. Owó tó dárúkọ kò kéré rárá. Ọkọ mi dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, a kì í tà wọ́n." Bó ṣe jáde tán ni a pe àwọn ọmọkùnrin tó ń bá wa kó ẹja jọ. A fẹnu kò pé ìjàpá àgbà tí wọ́n bá rí nínú àwọ̀n, wọn yóò fi í sínú ike tó ní omi díẹ̀, wọn yóò sì gbé e dé àbàtà lọ́jọ́ náà gan-an. Owó mínírà ni a ń fún ẹni tó bá gbé e lọ. A tún dá apá kan etí kòtò sí, níbi tí iyanrìn wà tí ilẹ̀ sì rọra ń gòkè: kò sẹ́ni tó ń fi ọkọ́ kàn án mọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń wú ilẹ̀ láti yé sí. A kì í sì í gbé ẹyin náà kúrò, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ìjàpá, bí ilẹ̀ ibi tí ẹyin wà bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu bóyá akọ ni yóò jẹ́ tàbí abo.

Aládùúgbò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kòtò ẹja tirẹ̀ wá bá mi láìpẹ́ yìí, ó fẹ́ kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ìjàpá, torí ó rí méjì. Mo bi í bóyá ó ti rí ibi tí ìyá wọn ń gbà gòkè. Ó ní òun kò wò ó rí. A jọ lọ wò ó nírọ̀lẹ́. Ipa èékánná rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ó gba àárín kòríko lọ tààrà, ó sì dópin lẹ́sẹ̀ búlọ́ọ̀kù tí aládùúgbò mi tò kalẹ̀ fún ògiri. Ó ti kó àwọn búlọ́ọ̀kù náà lọ sí ẹ̀yìn ilé báyìí, àwọn ọmọ méjèèjì sì wà nínú omi wọn.